Ó Ń Ro, Ó Ń Ta, Ó Ń Gún

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Èrèlé ọdún 1994. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo dìde, mo ṣí fáìlì rẹ̀. Aṣọ funfun mi le gbagidi nítorí sítáàṣì. Òun ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé èmi nìkan lọ́wọ́. Orúnkún méjèèjì ló ń dà á láàmú, pàápàá ti ọ̀tún. Láti òru ni mo ti há gbogbo ìbéèrè sórí: ibo ló ti ń dùn yín, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ń mú un le sí i, kí ló ń mú un rọlẹ̀. Ó ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tó yá, mo dé orí ìbéèrè kan tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fò, èyí tó ń bi aláìsàn irú ìrora tó ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà níbẹ̀ nínú ìwé wa. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò fún ọ̀bẹ tó mú, èkejì fún ọ̀bẹ tí kò mú mọ́. Mo tú wọn sí Yorùbá lórí ìdúró: “Mà, ìrora yín yìí, ṣé ó mú ni, àbí ó kú?”

Ìyá náà dákẹ́. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo ojú mi. Ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún ọ̀tún bí ẹni tó ń yẹ ọmọ ọwọ́ tó sùn wò.

“Ó ti kú, dókítà? Ẹ̀yin ti rí i pé ó ti kú?”

Omi ti lé sí i lójú kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Èlùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà, ó sì ti rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ẹsẹ̀ tí ẹni tó wọ aṣọ funfun bá ti pè ní òkú, gígé ló kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àlàyé náà sì ń dá kún ìbẹ̀rù rẹ̀, torí pé inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń mú un wá, ó sì ń bọ́ lẹ́nu mi ní àbọ̀ ní àbọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin, ẹni tó ń bójú tó àwa akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́ ohùn mi láti ìdí aṣọ títa kejì. Ó wọlé, ó kí ìyá náà, ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bá mi wí níwájú rẹ̀. Ohun tó bi í ni pé, “Mà, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín fún mi.”

Ìyá náà nu ojú, ó ní: “Láàárọ̀, ó máa ń gan. Tí mo bá rìn síwá rìn sẹ́yìn díẹ̀, á dẹ̀. Tó bá di ọ̀sán tí mo ti dúró pẹ́ nídìí ọjà, á wá máa ro mí, ríro tó wà nínú egungun lọ́hùn-ún. Tí mo bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á kàn gún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á dákẹ́.”

Mo kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé kò sí ìbéèrè kan tó kù nínú ìwé mi. Gígan láàárọ̀ tí kì í pẹ́, ríro tó ń tẹ̀lé ìdúró àti ẹrù, gígún lórí àtẹ̀gùn níbi tí egungun orúnkún ti ń fi ara ha itan: gbogbo àmì àrùn oríkèé tó ti gbó ló wà níbẹ̀, ìyá tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí ló sì kà wọ́n sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn aṣọ títa, ọ̀gá wa sọ fún mi pé: “Ìwọ lo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ fún un. Jẹ́ kó fún ẹ ní tirẹ̀.”

Ìgbà pósítìn wa nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ètò náà lè rò pé ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ físíò tán. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, lọ́dún 1966, ibẹ̀ ni àwa náà sì wà. Lóòótọ́, a ti jókòó pẹ́ nínú kíláàsì. A ti tú òkú ènìyàn palẹ̀ nínú yàrá Anatomy, a mọ ibi tí ẹran ara kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ egungun àti ibi tó parí sí, a ti ka ìwé lórí iná mànàmáná, ooru àti omi. Ṣùgbọ́n ó nígbà tí wọ́n á pín wa sí wọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síbí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sọ́hùn-ún: ti eegun, ti ọpọlọ, ti ọmọdé, ti àyà, ti àwọn tí iná jó. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wa tí ọ̀gá ibi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé kò lè jókòó ìdánwò. UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957, ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú Alexander Brown Hall, nínú ọgbà kan náà, ni a ń sùn, tí a fi ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wọlé lóru.

Lọ́jọ́ tí mo mú kí ìyá yẹn sunkún, mo lọ ra ìwé 40 leaves lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mi ò fi kọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni mo ń kọ sínú rẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.

Yorùbá ni mo sọ dàgbà, ṣùgbọ́n èmi kò fetí sí i rí bí irinṣẹ́. Mo wá rí i pé kò sí ìrora tí kò ní ìṣe tirẹ̀. Ẹ̀yìn a máa ro. Orí a máa fọ́. Inú a máa run. Egbò a máa ta. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé inú ń fọ́ òun tàbí pé orí ń run òun, bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé àlejò ni sí èdè náà. Bí ọkùnrin kan bá ní ẹ̀gbẹ́ ń gún òun nígbà tí òun bá mí kanlẹ̀, ọ̀gá wa á ti máa nawọ́ sí ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, torí pé aṣọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ló sábà ń gún èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní ibi tó wú ń sọ kìkì, pàápàá lóru, ó ṣeé ṣe kí ọyún wà níbẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ gbé ooru lé e. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ òun ń jó òun láti ìdí dé ọmọ ìka, tí ó ní ńṣe ló dà bíi pé eèrà ń rìn níbẹ̀, tí ó tún ní apá kan ti kú, kì í ṣe oríkèé ló ń ṣe é. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí a wá lọ. Bó bá sì jẹ́ pé pajápajá ló mú un, tó bá nasẹ̀ tán, ó tán.

Ibi tí èdè wa ti ń dá wa lóró ni orí ọ̀rọ̀ iṣan. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Okùn tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ wá sí ọwọ́, iṣan náà ni. Aláìsàn á ní, “Iṣan mi ló ń fà,” àwa á sì máa wo ara wa lójú. Ọ̀gá wa kọ́ wa láti má ṣe jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí a ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ ojú ọ̀nà tí ó ń gbà. Ẹni tó bá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bo ẹran itan rẹ̀, ẹran ló ń wí. Ẹni tó bá fi ìka fa ìlà láti ìdí gba ẹ̀yìn itan, gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun, títí dé orí ẹsẹ̀, ti fi ìka ya ohun tó wà nínú ìwé Anatomy wa, ojú ewé tí èmi fi oṣù kan há sórí.

Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ ni mo bẹ̀rù jù. Ọkọ̀ ló gbé púpọ̀ wọn débẹ̀, àwọn yòókù já bọ́ lórí igi. Àwọn ọkùnrin tó taagun, tí àyà wọn fẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n bọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ìrìn. Yíyí ni. Ní wákàtí méjì-méjì, ọ̀sán àti òru, a gbọ́dọ̀ yí wọn kúrò lórí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi lélẹ̀, torí pé ẹni tí kò mọ̀ pé ìdí ń dun òun kò ní sún ìdí, ẹran ibẹ̀ á sì jẹrà. A kọ́ àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn àbúrò, bí wọ́n ṣe máa yí èèyàn wọn. Mo rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ tó so aago mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀, tó ń jí lóru láti yí i. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò sí egbò lára bàbá yẹn. Tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń yin ẹ̀rọ tuntun nínú iṣẹ́ wa, ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Akọpẹ kan wà níbẹ̀, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ìbàdàn. Igbà já lórí ọ̀pẹ, ó ṣubú, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ níbi tí àyà ti pàdé ìbàdí. Apá rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó tó àkókò láti fi irin dè é lẹ́sẹ̀, kó dúró láàárín àwọn irin gbọọrọ méjì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ lè dúró bí ó bá mọ àṣírí kan: kó ti ìbàdí síwájú, kó fi àyà sẹ́yìn díẹ̀, okùn líle tó wà níwájú oríkèé ìbàdí á sì gbá ara rẹ̀ dúró láìlo ẹran kankan. Mo ń sọ fún un: “Ẹ ti ìdí síwájú, ẹ na ìbàdí.” Ó ń gbìyànjú, ó ń ká ṣubú sórí ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta la wà lórí èyí. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, ó ti ń bínú. Lójijì ó dákẹ́, ó wo iwájú bí ẹni tó ń wo nǹkan tí a ò rí.

“Ẹ dúró ná,” ó ní. “Ṣé bí ìgbà tí mo bá fara ti igbà ni?”

Mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fara ti igbà. Òun ló ṣàlàyé fún mi: ẹsẹ̀ ń tẹ ara ọ̀pẹ, igbà gba ẹ̀yìn kọjá, ìdí bọ́ síwájú, àyà yọ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì sì ṣófo fún iṣẹ́. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti wà nínú rẹ̀. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí irin, ó dúró síbẹ̀, ó rọra gbé ti òsì náà. Gbogbo yàrá dákẹ́. Láti ọdún tó ti ń gun ọ̀pẹ wá ni ìdúró yẹn ti wà lára rẹ̀, èmi ni mi ò mọ orúkọ tí mo lè fi pè é jáde.

Nínú wọ́ọ̀dù ọpọlọ, bàbá kan wà tó ti fi iṣẹ́ tíṣà fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn, ó ń gbìyànjú nídìí gbogbo eré ìmárale, àfi bí ó bá di pé kó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Kò jẹ́ gbà á. Kò jẹ́ fi òsì bọ èèyàn lọ́wọ́, kò jẹ́ fi gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ebi á máa pa á níwájú oúnjẹ títí ẹnìkan á fi wá bọ́ ọ. A kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa. Mo tijú ohun tí a kọ yẹn títí di òní. Ẹni tó lo 35 ọdún láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé wọn kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, kí ló kù tó lè ṣe?

Eré kan ló tú okùn náà. Berta Bobath àti Karel, ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní London, ti kọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò pé kí wọ́n má ṣe pa apá tó rọ tì, kí wọ́n máa mú un wọnú gbogbo ohun tí aláìsàn bá ń ṣe. Ọ̀kan nínú eré tí a ń lò ni pé kí aláìsàn pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ìka nínú ìka, kí ọwọ́ tó le máa darí èyí tó rọ. Mo ń fi eré yìí kọ́ bàbá náà nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ife wá. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì tó ti pa pọ̀, ó fi wọ́n gba ife náà. Bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nìyẹn, tọwọ́tọwọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí nǹkan tí kò fi ọwọ́ méjèèjì gbà: fìlà, ṣíbí, owó, ìwé ìròyìn, àtẹ́lẹwọ́ wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ti fẹ́ di ohun ìgbàgbé ń ṣiṣẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kà á fún un.

Kílíníìkì àwọn ọmọdé ni mo ti gbọ́ ohùn àwọn ìyá. Àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ṣì ń wá nígbà yẹn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún 2020 pé oríṣi àrùn náà tó ń jà káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, mo jókòó sí ilé mi, mo sunkún, torí pé mo mọ ìwọ̀n irin kéékèèké tí a ń dè mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe àrùn yẹn ló ṣe wọ́n. Ibà mú ọmọ, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn, ẹni náà gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, abẹ́rẹ́ bá iṣan ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ti ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá á gbé e wá, á ní: “Ẹsẹ̀ méjì ló fi rìn lọ síbẹ̀.” Gbogbo wọn ló ń sọ gbólóhùn yìí, bíi pé wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Ìdí ọmọ kékeré kò ní ẹran tó lè dáàbò bo iṣan yẹn. Itan, níwájú lápá òde, ló yẹ kí wọ́n gún. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó ní ọmọ ọwọ́ nílé: ẹ sọ pé itan.

Àwọn mìíràn tún wà tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí wọn, tí ojú wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọn ò tètè gbé wọn débẹ̀, tí àwọ̀ náà sì wọ inú ọpọlọ. Ara wọn á máa yí lọ́ bí ẹ̀ka igi nínú ẹ̀fúùfù, ọwọ́ kò ní gbọ́ràn. Nígbà tí a bá bi àwọn ìyá léèrè, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ káńfọ̀ tó jáde. Àwọn aṣọ tí wọ́n ti kó pamọ́ fún ọmọ látìgbà oyún, káńfọ̀ ni wọ́n jù sáàárín wọn kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn káńfọ̀ rárá. Ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọ̀ ìyeyè á sì bò wọ́n. Ìfẹ́ ló mú kí ìyá kó aṣọ náà pamọ́. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá kan láìjẹ́ pé ó wọ̀ ọ́ lára bí ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò lè ṣàìsọ ọ́, nítorí àbúrò tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tó mú inú mi dùn. Ìwé wa ní kí a wá àga pàtàkì fún ọmọ tí itan rẹ̀ ń fún mọ́ra wọn bí àlùmọ́gàjí, kí itan rẹ̀ lè là. Àga náà kò sí. Ọ̀gá wa wo ìyá ọmọ, ó ní: “Ẹ pọ̀n ọ́n.” Ìyá gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yí ìbàdí ara rẹ̀ ká, ó fi ọ̀já dì í. Itan ọmọ là rẹpẹtẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, orí rẹ̀ gbé sókè láti wo ẹni tó ń kọjá. Ohun tí àga yẹn ìbá fi owó gọbọi ṣe, ọ̀já ti ṣe é, ọmọ sì wà lára ìyá rẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì ní Èkó fún ìgbà díẹ̀. Ní 1945 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n lè tún kọ́ wọn ní ìrìn àti iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí mo rántí jù níbẹ̀ ni ariwo òòlù láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀kadà ti ṣe léṣe, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ń dúró de ìwọ̀n.

Nígbà tó di oṣù Agẹmọ, àwọn òṣìṣẹ́ epo dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé. Epo wọ́n, owó ọkọ̀ fò lọ sókè. Yàrá eré ìmárale tí àwọn aláìsàn ti máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà di ibi tí ẹni mẹ́ta, mẹ́rin ti ń jókòó. A kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ti dúró. Ọ̀gá wa ní kí a jókòó, kí a fọkàn sí ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí a wá ohun tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ odó ṣe ọ̀pá fún ẹni tí èjìká rẹ̀ gan, kó dùbúlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kó gbé e gba orí. A fi iyanrìn kún agolo mílíìkì, a fi ìró gbígbó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. A ju okùn gba orí igi mángòrò, kí apá tó le máa fa èyí tí kò le sókè. Ẹni kan tó rìn láti Mọ̀kọ́lá wá nítorí pé kò rí ọkọ̀, a ní kó máa ka ìrìn náà mọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ìgbà tí mo gba iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, tí wọ́n gbé mi lọ síbi tí kò sí ẹ̀rọ kankan, ohun tí mo kọ́ nígbà àìsí epo ni mo fi jẹun.

Ìyá elélùbọ́ kò sí lára àwọn tí kò wá mọ́. Láti Bódìjà sí UCH kò jìnnà púpọ̀, ó sì ń wá. Mo ti wọn orúnkún rẹ̀, ó ká dé 100 digírì, ó nà tán dáadáa. Lójú ìwé, ó ti ń san. Mo ń yin ara mi. Ní ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, mo fẹ́ dìde, ó ní: “Dúró. Dúró síbẹ̀.” Ó ń wo orúnkún mi.

“Ojoojúmọ́ lo ń ṣe eléyìí níwájú mi,” ó ní. “Èyí tí mò ń wá gan-an nìyẹn.”

Ó sọ fún mi nígbà náà ohun tí kò sí ìbéèrè kankan nínú ìwé mi tó lè mú un jáde. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé ní Ìsẹ́yìn, ó ti lé ní 80 ọdún. Fún ọdún méjì, ìdúró ni òun ti ń kí ìyá òun. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn máa ń wo ilẹ̀ níwájú ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó tó dáhùn. Aya àbúrò òun sì máa ń wà níbẹ̀, ó ń wò.

Ohun tí mo ń wọ̀n ni bí orúnkún ṣe ń ká. Òun, ìkúnlẹ̀ ló ń wá. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní Ìbàdàn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínpẹ̀lú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwọ̀n kan tí wọ́n pè ní IKHOAM fún àwọn tí àrùn aromọléegun mú ní orúnkún tàbí ìbàdí, èyí tó bá ìgbé ayé àwọn èèyàn wa mu, ó sì ní ẹ̀dà Yorùbá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dì í mú, ìyá elélùbọ́ ni mo rí.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìlọsílẹ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ìdìde ni. Ẹran iwájú itan ti rọ. Mo ní kó máa na ẹsẹ̀ lórí ẹní, kó tẹ orúnkún mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fọ́ ẹ̀pà lábẹ́ rẹ̀, kó ka dé márùn-ún, kó dẹ̀ ẹ́, nígbà mẹ́wàá. Òun ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀pà wá. Lẹ́yìn náà, kó máa jókòó sórí àpótí gíga, kó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kó tún jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àpótí tó kéré sí i. Lẹ́yìn náà, ìrọ̀rí méjì nílẹ̀, orúnkún kan lórí rẹ̀, ọwọ́ lórí àpótí. Ìrọ̀rí kan. Nígbà tó yá, ẹní lásán.

Pósítìn mi níbẹ̀ ti parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àyà, nígbà tí ẹnìkan wá pè mí pé ìyá kan ń béèrè mi. Ó wọ aṣọ àdìrẹ tuntun. Ó ti lọ sí Ìsẹ́yìn, ó ti dé. Kò sọ bó ṣe rí. Ó ní kí n dúró níbi tí mo wà, ó ká ìró rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti àpótí, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì kàn án.

Mi ò ronú. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí ti òun tó kàn án tán. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, a dojú kọ ara wa. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Mo na ọwọ́ láti gbé e dìde.

“Má fọwọ́ kàn mí,” ó ní.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, èyí tí mo sọ níjọ́sí pé ó kú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dìde, ó ṣe ìró rẹ̀ dáadáa. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é.

“Ó ń ro,” ó ní, “ṣùgbọ́n ríro tí èèyàn lè mú mọ́ra ni.”

Mo fa ìwé 40 leaves yọ nínú àpò, mo kọ ọ́ sílẹ̀.